Ìgò Tó Kọ Ẹnu Sógiri

Ọkùnrin kan tó ti ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́ Ìyá Apòògùn láti ọdún méje dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó sì bi í léèrè pé níbo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà.

Ìyá Apòògùn kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Orí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn sì ṣí gbayawu lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yìn mi nìyí." Ọkùnrin náà wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ògiri tí kò ní ojú fèrèsé. Ó mi orí. Ó ní bóyá òun ti ṣi ọ̀nà gbà, ó sì rọra dá títì kọjá sí ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì tó wà ní òdìkejì. Ilẹ̀kùn gíláàsì ṣí, ó gbé e mì.

Ìgbà tí obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ láti kó ìdọ̀tí tó ti gbá jọ ló rí ìgò kékeré kan. Ìgò oògùn ikọ́ ni. Wọ́n ti ha bébà ara rẹ̀ kúrò, wọ́n fi òwú dúdú so ó lọ́rùn, wọ́n sì tì í sí kọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn, níbi tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ láràárọ̀. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀, àti irun. Ó mú un nílẹ̀. Láti orí ìka títí dé ìgúnpá, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ọwọ́ tí wọ́n tì bọ inú yìnyín, òtútù náà kò sì kúrò fún ọjọ́ mẹ́ta.

*

Kò pẹ́ kó tó mọ ẹni tí yóò fura sí.

Ìwé ìjọba ti dé láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Ìjọba fẹ́ ṣe ètò adójútòfò ìlera fún gbogbo ènìyàn. Olúkúlùkù yóò gba káàdì, ẹni tó bá sì ní káàdì kò ní san ju owó díẹ̀ lọ lórí oògùn, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ni ìjọba yóò fọwọ́ sí ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń du ipò náà yóò kọ iye tí yóò máa ta oògùn, yóò fi sínú àpò ìwé, yóò lẹ̀ ẹ́ pa. Kí wọ́n tó wo àpò ìwé ẹnikẹ́ni, àwọn aṣàyẹ̀wò yóò kọ́kọ́ wá wo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò sì béèrè ni ìwé fíríìjì.

Àwọn oògùn kan wà, bí abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ, tí kò gbọ́dọ̀ gbóná, tí kò sì gbọ́dọ̀ dì. Fíríìjì tiwọn yàtọ̀, tẹmomítà sì wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju méjì, kò gbọ́dọ̀ gòkè ju mẹ́jọ. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, apòògùn yóò kọ nọ́ńbà tó rí sínú ìwé, yóò sì bu ọwọ́ lù ú. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni ìjọba fẹ́ rí, láìsí àlàfo, láìsí àléébù. Bí ọjọ́ kan ṣoṣo bá bàjẹ́, àfi kí ènìyàn tún un kà láti orí ení, àyè ìforúkọsílẹ̀ kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Ṣọ́ọ̀bù méjì péré ló ní irú fíríìjì bẹ́ẹ̀ ní òpópónà náà. Tirẹ̀ ni ìkíní. Ìkejì ni ti àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá ọmọ bàbá, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Onígíláàsì.

Ọkọ Ìyá Apòògùn ló kọ́ àwọn méjèèjì níṣẹ́. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan gbogbo pẹpẹ inú ṣọ́ọ̀bù náà, tó fi bébà-yanrìn ra wọ́n títí wọ́n fi ń dán. Ọdún kejì rèé tó ṣubú lẹ́yìn káńtà, tí kò sì dìde mọ́. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí ìyàwó ti lọ sí báńkì. Níbi ìsìnkú, lójú gbogbo èèyàn, Ìyá Apòògùn bi àbúrò rẹ̀ pé ibo ló wà nígbà tí ọkọ òun ń kú. Àbúrò rẹ̀ la ẹnu, ó sì pa á dé. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn kan wá ń kan gíláàsì ní òdìkejì títì. Láti ìgbà náà wọn kò kí ara wọn mọ́.

Bí ìwé àṣẹ bá bọ́ sọ́wọ́ Onígíláàsì, kò sí ẹni tó ní káàdì tí yóò tún yà sọ́dọ̀ Ìyá Apòògùn. Ṣọ́ọ̀bù yóò kú. Lójú tirẹ̀, ọkọ òun ni yóò kú lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn káńtà kan náà, èyí kò sì ní ṣẹlẹ̀ lójú òun.

*

Obìnrin kan wà lẹ́yìn gáréèjì ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Onígò. Ó ń ra òfìfo ìgò lọ́wọ́ àwọn tó ń ta oògùn, ó ń fọ̀ wọ́n, ó ń tún wọn tà. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ nìyẹn. Ohun tí gbogbo ayé tún mọ̀, tí ẹnì kan kì í sọ síta, ni pé kì í ṣe gbogbo ìgò tó ń tà ló ṣófo.

Ọmọ iléèwé ìjọ ni Ìyá Apòògùn. Ó fi imú kọ orin ìsìn kan bó ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà náà, orin pa mọ́ ọn lẹ́nu. Oòrùn wà ní àtàrí. Òjìji rẹ̀ ti ká sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nínú ilé, ìgò tò láti ilẹ̀ dé àjà, gbogbo wọn dùbúlẹ̀, gbogbo wọn kọ ẹnu sógiri bí àwọn ọmọ iléèwé tí olùkọ́ ń fìyà jẹ.

Ìyá Onígò gba ìgò kékeré náà, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì gbé e sílẹ̀ jìnnà sí ara rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó gbé e kalẹ̀ mọ ẹsẹ̀ tí o fi ń wọlé."

"Ṣé àbúrò mi ni?"

"Ìgò ni mò ń tà. Mi ò ta orúkọ."

Ó wọ ìyẹ̀wù lọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó gbé ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ kan dání tó gùn tó apá, wọ́n fi aṣọ dúdú tó tutù wé e. Ó ní kí Ìyá Apòògùn gbé e síbi tó tutù jù ní ìkáwọ́ rẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ kọ sógiri, kí ọwọ́ ẹlòmíràn má kàn án. Bí òtútù bá ṣe ń wọ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ẹni tó ń bá a jà yóò máa kú. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà ẹni náà títí èsì yóò fi jáde. Ọjọ́ tó bá tẹ̀ ẹ́, ohun tí wọ́n rán yóò pa dà sílé.

Ìyá Apòògùn béèrè pé bó bá pa dà sílé, ta ni yóò mú.

Ìyá Onígò ti mú ìgò mìíràn, ó ń nù ún. Kò gbójú sókè. "Ẹni tó ta ọfà kì í bá a dé ibi tó ń lọ," ló wí.

*

Ibo ló tún tutù ju fíríìjì oògùn lọ? Ó gbé ìgò náà sẹ́yìn pátápátá, níbi tí atẹ́gùn òtútù ti ń jáde, lẹ́yìn páálí abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ. Ó kọ ẹnu rẹ̀ sógiri. Ó sì yí kọ́kọ́rọ́ òtútù fíríìjì náà sí i díẹ̀, kí iṣẹ́ náà lè yá.

Ó yá lóòótọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, iná iwájú ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹyẹ kan fò lu gíláàsì náà, ó kú síbẹ̀, òmíràn tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọkùnrin ẹlẹ́jẹ̀ ríru pa dà wá, ó ní òun ò mọ ohun tó ṣe ojú òun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Láti ẹ̀yìn káńtà, Ìyá Apòògùn ń wo àbúrò rẹ̀ gba inú gíláàsì kọjá. Ó ti rù. Èjìká rẹ̀ ti yọ sókè bí ìkọ́ aṣọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó kúnlẹ̀ síwájú ilé ìtajà rẹ̀, ó ń fọ àtẹ̀gùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì ń yọjú wo òdìkejì títì bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀.

Ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú, ni Ìyá Apòògùn sọ fún ara rẹ̀.

Ohun kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ tó ti gbé ìgò náà sínú fíríìjì ni ohùn fíríìjì ti yí pa dà. Tẹ́lẹ̀ ó máa ń kùn ní ohùn kan ṣoṣo. Ní báyìí ó ń kùn lọ sókè, ó ń kùn bọ̀ nísàlẹ̀, ó ń sinmi, bí olóògbé ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń fi imú kọrin nígbà tó bá ń ka oògùn sínú ike. Ó máa ń tẹ etí mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́sàn-án nígbà tí kò bá sí oníbàárà. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ̀rù ba òun. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnì kankan ti kọrin nínú ṣọ́ọ̀bù náà.

*

Màmá wọn ní àtọ̀gbẹ. Abẹ́rẹ́ ló fi wà láàyè, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìgò kan sì máa ń tó o lóṣù. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń wo ara wọn bí ológbò àti eku ló ti ṣe òfin kan: oṣù kan, yóò gba oògùn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, oṣù tó tẹ̀ lé e, lọ́wọ́ àbúrò. Kò fẹ́ kí ọ̀kan sọ pé òun fẹ́ràn èkejì ju òun lọ.

Ti ẹ̀gbọ́n ló kàn báyìí. Bó bá ti jókòó sórí bẹ́ńṣì oníbàárà, tí ó sì ti gba èémí, ọ̀rọ̀ kan náà ni: ó ní ọmọ méjì lòun bí, òun ò mọ ìgbà tí wọ́n di orogún, òun ò sì rí ọkọ tí wọ́n ń du. Àwọn tó ń ra oògùn á rẹ́rìn-ín. Ìyá Apòògùn kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Màmá lọ sọ ìyẹn fún ẹni tó ń gbé ìgò síwájú ilé onílé. Màmá ní, "Ọmọ mi, bó o bá bínú sí ẹnì kan tó báyìí, wo ọwọ́ rẹ dáadáa. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀."

*

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n ìwé fíríìjì náà, ó ṣí fíríìjì, ó sì wo tẹmomítà.

Ọ̀kan nísàlẹ̀ òdo.

Ó nù ún pẹ̀lú etí aṣọ, ó tún wò ó. Ọ̀kan nísàlẹ̀ òdo. Fíríìjì ń kọrin jẹ́jẹ́. Aṣọ dúdú ara ìgò náà ti dì gbagidi, ìrì funfun sì ti hù sí ẹ̀yìn páálí abẹ́rẹ́ bí irùngbọ̀n.

Apòògùn tó bá rí èyí mọ ohun tó kàn. Yóò kọ nọ́ńbà tó rí. Yóò kó gbogbo abẹ́rẹ́ náà jáde, nítorí èyí tó bá ti dì rí, bó tilẹ̀ yọ́ pa dà tó sì mọ́ bí omi, agbára rẹ̀ ti lọ. Yóò kọ iye tó dànù sínú ìwé ìdànù. Ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń pariwo, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí ó máa ń sọ pé ohun tí ojú bá rí ni kí ọwọ́ kọ, ẹni tó bá ń parọ́ fún ìwé fíríìjì, ẹlẹ́mìí ló ń parọ́ fún.

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Bí òun bá kọ ọ́, ó ti parí. Bí òun bá da oògùn nù láì kọ ọ́, àwọn aṣàyẹ̀wò yóò ka páálí, yóò yàtọ̀ sí iye tó wà nínú ìwé, ó ti parí náà nìyẹn.

Ó mú bírò. Ó rántí lẹ́yìn náà pé ọwọ́ òun tutù nígbà yẹn, pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ọwọ́ òun. Ọwọ́ náà kọ mẹ́rin, ó sì bu ọwọ́ lù ú. Ó yí kọ́kọ́rọ́ òtútù pa dà. Ó to páálí bí wọ́n ṣe wà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí àwọn aṣàyẹ̀wò bá ti lọ báyìí, òun yóò da gbogbo rẹ̀ nù, kò sì sí ẹni tí yóò rà á títí dìgbà náà, nítorí òun kò ní tà á.

*

Nígbà tí ọgbọ̀n ọjọ́ pé, aṣàyẹ̀wò mẹ́ta wá, ọkùnrin kan àti obìnrin méjì. Wọ́n ka páálí. Wọ́n fi ìka nu orí pẹpẹ wo eruku. Obìnrin tó ṣe olórí wọn ṣí ìwé fíríìjì, ó fi ojú gba ọgbọ̀n ọjọ́ kọjá láti òkè délẹ̀, ó sì yìn ín pé ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ó ṣí fíríìjì.

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn. "Kí lèyí, Ma?"

Ìyá Apòògùn gbọ́ tí fíríìjì dákẹ́ orin. Ó ní ìgò omi ni. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń ti ìgò omi sínú fíríìjì oògùn, kí òtútù má bàa tètè sá bí iná bá lọ. Obìnrin náà mi orí. Ó ní ẹni tó mọṣẹ́ lòun ń bá sọ̀rọ̀ yìí, ó sì fi ìgò náà sílẹ̀ síbi tó wà, ẹnu rẹ̀ sógiri.

Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà nígbà tí Màmá wọlé.

Ìgò tó ń lò, èyí tó gbà lọ́wọ́ àbúrò, ti tán lọ́jọ́ mẹ́rin ṣáájú àkókò. Ó ní òun ti da díẹ̀ nù nígbà tí ojú òun ṣú. Ó kí àwọn àlejò. Ó sọ fún wọn pé òun lòun bí apòògùn yìí, òun ò sì gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Olórí wọn ní kí Ìyá Apòògùn dá Màmá lóhùn o, àwọn fẹ́ wo bó ṣe ń tọ́jú oníbàárà.

Gbogbo wọn ń wò ó. Bó bá ní oògùn ti tán, wọ́n ti ka páálí mọ́kànlá. Bó bá ní kò dára, wọn yóò béèrè láti ìgbà wo. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ló wà láàárín káńtà àti fíríìjì. Ó rìn ín. Ó mú páálí kan láti iwájú, èyí tó jìnnà jù sí ìgò náà. Ó gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì sọ fún un lójú àwọn àlejò náà, bí iṣẹ́ ṣe sọ, pé kó má jẹ́ kó gbóná.

"Ọmọ mi ò," ni Màmá wí, ó sì súre fún un.

*

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ó sáré lọ sí yàrá ìyá rẹ̀ láti gba oògùn náà pa dà. Màmá ti ṣí i, ó ti fún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́, ó ń ká aṣọ. Ó bi í pé kí ló dé, kí ló ṣe é. Ìyá Apòògùn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kò sí nǹkan kan, òun kàn ní kí òun wò ó ni.

Òdìkejì títì nìkan ló kù ní gbogbo àdúgbò tí abẹ́rẹ́ gidi wà. Lọ́jọ́ kejì, ó kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù, ó rìn dé àárín títì. Ó rí àbúrò rẹ̀ nínú gíláàsì, ó ń to nǹkan. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ Ìyá Onígò dìde nínú rẹ̀: ọjọ́ tó bá tẹ̀ ẹ́, ohun tí wọ́n rán yóò pa dà sílé. Mọ́tò kan fọn fèrè mọ́ ọn. Ó pa dà sẹ́yìn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé nítorí Màmá gan-an lòun kò fi gbọ́dọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà yẹn. Páálí iwájú ni, bóyá kò tilẹ̀ dì. Ó ti wò ó níwájú iná, ó mọ́ bí omi.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló lọ fi àpò ìwé rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba.

Lọ́jọ́ kẹta, Màmá ní ó kàn rẹ òun ni, ojú ọjọ́ ni. Ọjọ́ kẹrin, ife omi mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó mu wọ́n tán lójú ọmọ rẹ̀, ó tún béèrè òmíràn. Ètè rẹ̀ gbẹ. Èémí rẹ̀ ń rùn bí èso tó ti pọ́n jù. Ìyá Apòògùn mọ òórùn náà. Gbogbo ẹni tó ń ta abẹ́rẹ́ yẹn ló mọ òórùn náà.

Kò dúró mú bàtà. Ó gba títì kọjá, ó tẹ àtẹ̀gùn àbúrò rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti gíláàsì wọlé.

*

"Fún mi ní abẹ́rẹ́ kan," ló wí. "Màmá. Tèmi ti dì. Mo mọ̀, mo sì fún un."

Kò sí ẹ̀gàn tí kò ti múra sílẹ̀ láti gbà. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ kò bú u. Ó dì mọ́ káńtà bí ẹni tí ilẹ̀ ń yọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣí fíríìjì tirẹ̀, ó sì yẹ̀ kúrò lọ́nà.

Ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn pátápátá. Aṣọ dúdú wà lára rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kọ sógiri.

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni tẹmomítà tèmi wálẹ̀," ni Onígíláàsì wí. "Mo kọ márùn-ún." Ohùn rẹ̀ kò dìde rárá. "Màmá wá síbí lánàá, Àǹtí mi. Ó ní tiyín ti bọ́ lọ́wọ́ òun, ó ti fọ́, kí n má sọ fún yín kí ẹ má bàa bínú. Mo fún un ní tèmi."

Màmá ti mọ̀ pé oògùn ọ̀kan kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó parọ́ kó lè bo àṣírí àkọ́bí rẹ̀, ó sì lọ gba òmíràn lọ́wọ́ èkejì.

Ìyá Apòògùn bi í pé kí ló mú un dé ọ̀dọ̀ Ìyá Onígò. Àbúrò rẹ̀ ní òun bá ìgò kékeré kan níwájú ṣọ́ọ̀bù òun, iyọ̀ àti irun wà nínú rẹ̀, òun sì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ló gbé e síbẹ̀. Ìyá Apòògùn ní òun kò gbé nǹkan kan síbẹ̀ láyé òun. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ti ra ìgò. Láàárín wọn, fíríìjì náà ń kọrin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, sókè, nísàlẹ̀, ó sì sinmi. Àwọn méjèèjì ló mọ orin náà.

*

Wọ́n gbé Màmá sínú takisí lọ sí ọsibítù, orí rẹ̀ lórí itan ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí itan àbúrò. Ọkọ̀ gba ẹ̀yìn gáréèjì. Ilé Ìyá Onígò ti wà ní títì pa. Ní ojú fèrèsé, ìgò tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, gbogbo wọn ti yí pa dà, wọ́n kọ ẹnu sí títì. Màmá la ojú lẹ́ẹ̀kan, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí wọn lápapọ̀, ó sì dà bí ẹni pé ó fẹ́ ṣe àwàdà kan, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ ti gbẹ jù.

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì gígùn kan ní ọsibítù títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Ibẹ̀ ni àbúrò ti sọ fún un, láìjẹ́ pé ó bi í, pé lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ ṣubú, orúkọ ìyàwó rẹ̀ ló ń pè. Òun sáré jáde láti lọ wá a ní báńkì. Nígbà tí òun fi pa dà, ó ti kú, láìsí ẹnì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òun kò fi rí èsì fọ̀ níbi ìsìnkú. Ìyá Apòògùn gbọ́ ọ dópin. Ó mú ọwọ́ àbúrò rẹ̀. Ó tutù, bíi tirẹ̀.

Dókítà jáde. Ọ̀dọ́ ni, kò mọ ibi tí ì bá gbé ojú sí. Ó ní àwọn ti sa gbogbo ipá àwọn. Ó jẹ́ kí wọ́n sunkún. Lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ìtìjú, ó mú fọ́ọ̀mù kan jáde. Ó ní oògùn tí wọ́n bá nínú àpò Màmá kò yàtọ̀ sí omi, òfin sì ni kí àwọn fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù tó tà á ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe ètò adójútòfò. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ní lè ta oògùn mọ́. Ọ̀dọ̀ ta ni Màmá ti rà á?

"Ọ̀dọ̀ mi ni," ni àbúrò wí.

"Irọ́ ló ń pa, dókítà. Ọ̀dọ̀ mi ni."

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tí ọkọ yín fi sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ tèmi."

"Èmi ni mo kọ́kọ́ fún un. Ìwọ, ọ̀la rẹ ṣì wà níwájú."

Dókítà wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó ní ìlà kan ṣoṣo ló wà lórí fọ́ọ̀mù, kí wọ́n jọ̀ọ́ fún òun ní orúkọ kan. Ìyá Apòògùn gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù náà ń jẹ́, odindi, àpèjẹ́ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀. Ó kọ ọ́ láìgé lẹ́tà kan kúrò, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó mọ́, síwájú ọ̀rọ̀ tó béèrè pé ta ni ó ta oògùn tó pa aláìsàn náà. Omi ojú rẹ̀ kán sí i, ó sì dúró kó gbẹ kí ó má bàa ba ìwé náà jẹ́.

Àbúrò rẹ̀ gba bírò. Kò sí ìlà mọ́, ó kọ tirẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀.